"Híhan" ló ń ṣe rádíò mọ́tò, kì í ṣe "ìkùn ilẹ̀"

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lánàá, pé ká máa pe ariwo tó máa ń jáde nínú sípíkà mọ́tò ní "ìkùn ilẹ̀", ká sì pe ohun tó ń fà á, èyí tí òyìnbó ń pè ní ground loop, ní "òrùka ilẹ̀". Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé ẹ rò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n ta kò yín díẹ̀, torí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun rèé, rádíò mọ́tò àti áńpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn rádíò di ńlá, ni mo ń so ní Àkúrẹ́ níbí, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ méjì tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí mo bá fi kọ́ wọn ni wọ́n máa fi ṣiṣẹ́.

Ká kọ́kọ́ mú kùn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni kùn, oyin ń kùn, èèyàn tí ọ̀rọ̀ ò tẹ́ lọ́rùn ń kùn. Áńpù inú ilé máa ń kùn lóòótọ́ torí iná NEPA ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú kan náà ni ohùn yẹn máa ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ti mọ́tò ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí ọ́tánétọ̀, iná tí ọ́tánétọ̀ ń ṣe náà máa ń lọ ó máa ń bọ̀ kí dáyóòdù inú ẹ̀ tó sọ ọ́ di iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kì í tẹ́ pẹrẹsẹ tán, ìgbì kékeré tó ṣẹ́kù lára ẹ̀ ló ń wọ sípíkà. Ẹ tẹ tọ́rọ́tù, ohùn yẹn á gòkè, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, á wálẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni bíi ti yànmùyánmú létí lóru. Èmi ò mọ ẹni tó máa gbọ́ ọ tó máa ní ó ń kùn. Ó ń han ni!

Àwọn kan ní ká kúkú fi "ariwo" sílẹ̀, pé gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ti Ọjà Ọba ariwo ni, ọmọ tó ń ké ariwo ni, rádíò tí wọ́n yí sókè jù ariwo náà ni. Oníbàárà kan pè mí láti Oǹdó, ó ní "Ọ̀gá, rádíò mi ń pariwo", mo ní kó yí fólúùmù wálẹ̀, ó ní òun ti yí i wálẹ̀, mo ní kó tún yí i wálẹ̀ sí i, a wà lórí fóònù títí káàdì ẹ̀ fi tán, ìgbà tó gbé mọ́tò dé ọ̀dọ̀ mi ni mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ká ní ó sọ pé "ó ń han, bí mo bá tẹ tọ́rọ́tù ó tún ń han sí i", mi ò ní dárúkọ fólúùmù rárá, torí híhan tó bá gba àárín rádíò àti áńpù wọlé kò mọ fólúùmù, ẹ yí i dé òdo, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ní ilé, ilẹ̀ tọ̀nà, wọ́n ri irin mọ́lẹ̀, wọ́n so wáyà mọ́ ọn. Mọ́tò ńkọ́? Orí rọ́bà ló dúró sí, kò sí irin kankan tó kan ilẹ̀, ara mọ́tò ni iná ń gbà padà sí bátìrì. Òyìnbó fi ọ̀rọ̀ kan pe méjèèjì, ìyẹn ò ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ́wáyà, àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe, tí mo mọ̀, "bọ́dì" ni wọ́n ń pè é, wọ́n á ní "mú un kan bọ́dì", ó yé ọmọ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Ẹni tí kò bá fẹ́ bọ́dì, kó sọ pé "ara", wáyà ara, kò burú.

Òrùka ńkọ́? Ẹ wo mọ́tò ará Oǹdó yẹn. Ẹni tó so ó tẹ́lẹ̀ de wáyà bọ́dì áńpù mọ́ bóòtì àga ẹ̀yìn lórí ọ̀dà, kò ha á, rádíò sì ní bọ́dì tiẹ̀ níwájú. Iná tó yẹ kó gba bóòtì yẹn padà rí i pé ọ̀nà ò já gaara, díẹ̀ nínú ẹ̀ bá gba ara wáyà RCA tó so áńpù mọ́ rádíò, ó ń gba iwájú lọ sí bọ́dì, híhan sì dà pọ̀ mọ́ orin. Mo yọ RCA lẹ́yìn áńpù, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ha ọ̀dà títí irin fi ń dán, mo fi wáyà bọ́dì tó nípọn bíi wáyà pọ́sítíìfù áńpù, tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ, mo tún gbé RCA kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà bátìrì sí apá kejì mọ́tò. Ó tán. (Àwọn kan á kàn lọ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń gé híhan, wọ́n á fi sáàárín, èyí tó pọ́ọ́kú nínú wọn máa ń jẹ béésì, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ àfi tí gbogbo ọ̀nà bá pin.)

Níbo ni òrùka wà nínú ìtàn yìí? Iná yà bàrá ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá pé ká pe ground loop ní "iná ayàbàrá". Bí àwọn tó pe mọ́tò ní ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe ṣe é náà nìyẹn, ohun tó ń ṣe ni wọ́n wò.

Ẹnì kan ní híhan máa dà pọ̀ mọ́ híhàn. Rárá o, àmì wà lórí ìkan, kò sí lórí ìkejì, ẹnu wa sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹlòmíì fẹ́ ká pè é ní "ùùn", wọ́n dá a lóhùn pé Yorùbá kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá gbọ́ "ulé", ìyẹn ilé, lẹ́nu àwọn ìyá wa ní Àkúrẹ́ níbí. Ṣùgbọ́n híhan ṣì wù mí jù.

Mo ti ń lò wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ iṣẹ́ mi sọ fún ìyá kan pé "Mà, iná ló yà bàrá ló jẹ́ kó máa han", ìyá yẹn ò bi í pé kí nìyẹn o, ohun tó bi í ni pé "Ibo ló wá yà sí?", ọmọ náà sì gbé wáyà RCA sókè fi hàn án.