Àwọn awọnlẹ̀ ti ri òpó sí oko bàbá wa: kí ni ká ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn awọnlẹ̀ kun igi kòkó wa ní ọ̀dà pupa, wọ́n ní páìpù omi ńlá máa gba ibẹ̀ kọjá. A ò kọ omi o. Kànga wa ń gbẹ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n sàréè ìyá bàbá mi wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé òfin ọdún 1992 ní kí wọ́n yẹ àyíká wò kí irú iṣẹ́ báyìí tó bẹ̀rẹ̀, òfin ilẹ̀ ti 1978 sì fàyè gba owó gbà-máà-bínú fún irè oko. Níbo la ti lè rí ìwé àyẹ̀wò náà kà? Ṣé ká gba awọnlẹ̀ tiwa, kó ka igi ká tó buwọ́ lùwé? Bàbá ò rí oorun sùn mọ́.