Lọ́ńdọ̀n pẹ̀lú màmá tórúnkún ń dùn, àdúgbò wo ni ká dé sí?

omo_ijebu:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi, màámi àtàwọn ọmọ mi méjì, ọ̀kan ọdún mẹ́sàn-án, ìkejì mẹ́fà, là ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀n níparí August, Gatwick la máa balẹ̀ sí. Àbúrò mi ló ń ṣègbéyàwó, Old Kent Road ni gbọ̀ngàn òde wà, àlejò sì ti kún ilé tiẹ̀. Orúnkún ń yọ màámi lẹ́nu, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn. Mo sì fẹ́ káwọn ọmọ rí ìlú díẹ̀. Ibo ni kí n gba hòtẹ́ẹ̀lì sí tí owó ẹ̀ ò ní gọbọi?

IyaIbeji_SE15:
Ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á jẹ́ ó yẹ wọ́n kalẹ́. Ṣebí Peckham ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Kent Road, kí lẹ tún ń wá kiri? Tẹ́ ẹ bá jáde sí Rye Lane láàárọ̀ ẹ ó rí iṣu, ata rodo, pọ̀nmọ́ tí wọ́n pàtẹ síta, ọlọ́jà á bá màmá sọ Yorùbá, wọ́n á ná an dáadáa. Bọ́ọ̀sì 12 sì ń ti ibẹ̀ lọ dé Oxford Circus, Westminster ló ń gbà, káwọn ọmọ jókòó sókè níwájú, wọ́n á rí Big Ben.

kola_ode:
Ìyá Ìbejì ẹ má bínú, èmi náà fẹ́ràn Peckham o, àmọ́ orúnkún màmá ńkọ́? Tube, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ yẹn, ò dé ibẹ̀, ti rélùwéè ibẹ̀ sì rèé, àtẹ̀gùn lèèyàn ń gùn kó tó kan ọkọ̀, kò sí lift nígbà tí mo gbabẹ̀ kẹ́yìn. King's Cross ni tèmi. Rélùwéè Thameslink ń ti Gatwick já tààrà sí St Pancras tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, lift wà, bọ́ọ̀sì 63 á gbé yín lọ sí Old Kent Road. British Museum náà ò jìnnà, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ibẹ̀ ni ọ̀kan lára àwọn ère orí tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 wà, káwọn ọmọ lọ fojú ara wọn rí i. Owó yàrá nìkan ló máa ń le ládùúgbò yẹn, pàápàá nínú August.

baba_plumstead:
Woolwich ni o, ẹ gbọ́ mi. Elizabeth line, rélùwéè tí wọ́n ṣí ní 2022, ló dé ibẹ̀, kò sí ibùdókọ̀ kan lórí ẹ̀ tó di dandan kéèyàn gun àtẹ̀gùn, ìyẹn nìkan ti tó fún màmá. Láti Gatwick ẹ wọ Thameslink, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Farringdon, ẹ gba lift lọ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé Abbey Wood ló wà lójú bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó wọlé torí òmíràn Shenfield ló ń lọ, ìyẹn ò dé Woolwich rárá. Kò tó ogún ìṣẹ́jú láti Farringdon. Yàrá ibẹ̀ sábà máa ń dínwó sí ti àárín ìlú. Lọ́jọ́ òde, bọ́ọ̀sì 53 á gba Blackheath, Deptford, New Cross, ó di Old Kent Road, ẹ ò ní pààrọ̀ ọkọ̀, ó kàn máa ń pẹ́ ni tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá wà, kẹ́ ẹ tètè jáde. Àwọn ọmọ yín ò tíì pé mọ́kànlá, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa wọ bọ́ọ̀sì àti Elizabeth line tí wọ́n bá wà pẹ̀lú yín. Ẹ tún mú wọn wọ Woolwich Ferry tó ń gbé mọ́tò sọdá odò Thames, láti 1889 ni wọn ò ti gbowó níbẹ̀.

IyaIbeji_SE15:
Ti lift yẹn mo gbà fún yín bàbá. Àmọ́ omo_ijebu, ẹ mú màmá wá Rye Lane lọ́jọ́ kan ṣáá. Ẹ má sì gba yàrá sí Notting Hill tàbí Bayswater tí owó ẹ̀ bá tiẹ̀ wọlẹ̀, ọjọ́ Sunday àti Monday tó kẹ́yìn August ni Carnival, àríyá ńlá tí wọ́n máa ń ṣe lójú títì níbẹ̀, wọ́n máa ń ti títì, èrò á kún débi pé màmá ò ní ríbi gbẹ́sẹ̀ sí.

omo_ijebu:
Ẹ ṣé gan-an ni, Woolwich ti wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ nínú bọ́ọ̀sì?

baba_plumstead:
Rárá o, wọn ò gbà á mọ́ láti 2014. Kí ẹ̀yin àti màmá ní káàdì báńkì tàbí Oyster, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹyọ kan ò lè sanwó èèyàn méjì. Bọ́ọ̀sì míì tẹ́ ẹ bá wọ̀ láàárín wákàtí kan, wọn ò ní gbowó. Wọ́n sábà máa ń tún ojú irin ṣe lọ́jọ́ Sunday, ẹ wo ìkànnì TfL, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, lálẹ́ Saturday. Kẹ́ ẹ tó sanwó hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá lift wọn ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún màmá ní yàrá ìsàlẹ̀.