Gbàǹjo ìgbì rédíò: níbo ni ó yẹ kí a ti dákẹ́?

Ìbéèrè, láti Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ àṣekágbá mi nínú ìmọ̀ ìṣirò dá lórí bí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ṣe lè pinnu iye tí yóò dá nígbà tí ìjọba bá ń ta ẹ̀tọ́ lílo ìgbì rédíò ní gbàǹjo. Mo ti ka ọ̀nà tí Paul Milgrom àti Robert Wilson, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé, bá wọn là sílẹ̀ fún gbàǹjo Amẹ́ríkà ní 1994, níbi tí wọ́n ti ń ta gbogbo ìpín ìgbì pọ̀ ní ìpele-ìpele, títí ẹnikẹ́ni kò fi ní fowó kún un mọ́. Ìpín méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni ó dí mi lọ́wọ́, nítorí pé papọ̀ wọ́n níye lórí ju ti ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ.

Ìdáhùn, láti Kétu
Àbúrò, jẹ́ kí a sọ pé lójú ilé-iṣẹ́ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bílíọ̀nù 4 sefà, tí méjèèjì papọ̀ sì tó 12. Bí owó ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dé 5, èrè ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìpín kan bá ti dúró sí ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ní 5, tí olùdíje kan sì ń fowó kún èkejì, bí ilé-iṣẹ́ náà bá dákẹ́, ó pàdánù bílíọ̀nù 1. Láti ìgbà náà, 5 yẹn ti lọ, ohun tí èkejì sì lè fi kún ọrọ̀ rẹ̀ ni 8. Nítorí náà kí ó máa lé e títí dé 8, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè ti tán ní 7, nítorí pé ní 7.5 àdánù rẹ̀ kò ju ìdajì bílíọ̀nù lọ. (Ọ̀gá tí ó ń ṣọ́ àpò ilé-iṣẹ́ kò ní fẹ́ gbọ́ èyí.) Iṣẹ́ rẹ gan-an wà ṣáájú ibẹ̀: fi kọ̀ǹpútà dán ìwà àwọn olùdíje wò lọ́pọ̀ ìgbà, kí o lè mọ bí ó ti ṣeé ṣe tó pé ìpín kejì yóò bọ́ mọ́ ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Ìdáhùn, láti Kútọnu
Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ òfin gbàǹjo ni kí o kọ́kọ́ kà. Nínú gbàǹjo 4G ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2013, ènìyàn lè dá iye kan ṣoṣo lé odidi àkópọ̀ ìpín, ewu pé ìpín kan ṣoṣo yóò kù síni lọ́wọ́ kò sì sí. Ní Nàìjíríà, ní Oṣù Kejìlá 2021, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni ó du ìpín méjì fún 5G, tí owó fi gòkè láti mílíọ̀nù 197.4 dọ́là dé 273.6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú irú èyí, ẹni tí ó díye lé e jù ni ó ń borí, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹni tí ó ṣi í ṣírò jù. Dín ìṣirò tìrẹ kù ṣáájú, kí o sì tún un ṣe bí olùdíje bá ti ń kúrò.

Akẹ́kọ̀ọ́, láti Àjàṣẹ́
Mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìpín méjì àti olùdíje mẹ́ta ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó yẹ kí n ka iye tí àwọn olùdíje dì mọ́nú sí ohun tí kò bá ara wọn tan, nígbà tí ó jẹ́ pé oníbàárà kan náà ni gbogbo wọn ń lé?