Èsì: Díísù kì í ṣáná

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka àkójọ ọ̀rọ̀ iná mọ́tò tí ọ̀gbẹ́ni wa fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn. Ó ní pọ́lọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ni “àṣáná”, pé híítà tó wà lára ẹ́ńjìnnì díísù ni “àṣáná díísù”. Ó wá fi kún un pé ẹni tó bá fi ẹ́ńjìnnì díísù rọ́pò ti bẹntiróòlù nínú ọkọ̀ rẹ̀, kó kàn ṣí wáyà àṣáná àkọ́kọ́ lọ sára èkejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ohùn. À- olóhùn ìsàlẹ̀ kọ́ ni a- olóhùn àárín. À- tí a fi ṣẹ̀dá àlọ àti àbọ̀ kò lè bí olùṣe. Apẹja la ń pe ẹni tó ń pẹja, a kì í pè é ní “àpẹja”. Nítorí náà, bí a bá tiẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà, “aṣáná” ló yẹ kó kọ. Kí ó má wí fún mi pé àṣìtẹ̀ ni, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

Ó wá ku “ṣá”. Àdá la fi ń ṣá igi. Ìṣáná ni a ń fi orí rẹ̀ ha ara páálí kí iná tó sọ. Pọ́lọ́ọ̀gì bẹntiróòlù ń ṣáná lóòótọ́: iná á fò láti etí kan sí èkejì, epo á gbà á. Èmi náà fara mọ́ “aṣáná” níbẹ̀. Ta ló wá ń ṣáná fún díísù? Afẹ́fẹ́ ni písítìnnì ń fún mọ́ra nínú sílíńdà títí yóò fi gbóná débi pé bí epo bá ti tú sínú rẹ̀, yóò gbiná fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ híítà kò ju kó mú inú ibẹ̀ gbóná kí ẹ́ńjìnnì tó tutù lè jí. Tó bá ti jí, tó sì gbóná, híítà ti ṣe tirẹ̀ tán.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe àríwísí lásán. Àbúrò ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣe ríwáyà, iṣẹ́ iná ọkọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Agodi Gate n’Íbàdàn. Bọ̀ọ̀dá ni mo ń pè wọ́n. Mo wà lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n wọ́ Hilux kan dé. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù rẹ̀, wọ́n ti gbé díísù Tòkunbọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í jí láàárọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ so iná rẹ̀ ti mú wáyà tó ń lọ sí kọ́ìlì (tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná) tẹ́lẹ̀, ó so ó mọ́ híítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bọ̀ọ̀dá já wáyà náà, wọ́n fi mítà kàn án lẹ́nu: fóòtì 12, ó pé. Ọmọ iṣẹ́ ní kò sóhun tó ṣe é. Wọ́n so ó padà, wọ́n tún fi mítà kàn án: kò pé 3 mọ́. Wọ́n ní kí n fọwọ́ kan rọ́bà ara wáyà náà. Ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, òórùn iná sì ń jáde níbẹ̀.

Ámpìà (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) mẹ́rin sí márùn-ún ni wáyà kọ́ìlì ń gbé, rẹ̀sísítọ̀ tó ń dín iná kù tún wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Híítà kan ṣoṣo ń jẹ ju mẹ́wàá lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n! Bọ̀ọ̀dá gé e dànù, wọ́n fa wáyà nínípọn láti orí bátìrì, wọ́n mú un gba fíùsì ńlá àti rìléè (swíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá) kọjá. Kọ́kọ́rọ́ ò gbé iná híítà mọ́, rìléè nìkan ló ń pàṣẹ fún. Ọ̀rọ̀ tó pe híítà ní ẹ̀gbọ́n pọ́lọ́ọ̀gì ló ń ran irú aṣiṣe yẹn lọ́wọ́.

Bákan náà ni “pa iná mọ́tò” tó kọ sí ojú ìwé kejì fún dídá ẹ́ńjìnnì dúró. Ọ̀nà epo la ń dí kí díísù tó kú. Bí wáyà sólẹ́nọ́ìdì orí pọ́ǹpù, tó ń ṣí ọ̀nà epo tó sì ń dí i, bá wà níbi tí iná kì í ti í kúrò, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò, ẹ́ńjìnnì á máa ké lọ.

Ní ti ẹ̀gbọ́n wa ní Houston tó ní “okùn ilẹ̀” ni ká máa pe áàtì (earth), ẹ jọ̀ọ́ sà, ilẹ̀ wo ni wáyà yẹn kàn? Orí rọ́bà táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọkọ̀ wà. “Wáyà àbọ̀” ni Bọ̀ọ̀dá ń pè é, torí ibẹ̀ ni iná ń gbà padà sí bátìrì. Bí ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì wọlé bá gbàgbé àtiso ó láàárín ẹ́ńjìnnì àti bọ́dì, iná sítátà á wá ọ̀nà àbọ̀ gba okùn ṣóòkù (choke) àti okùn tọ́rótùlù (throttle), wọ́n á sì pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà fún mi.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tún bá mi dábàá “epo dúdú” fún díísù. Kò dúdú. Orúkọ ọmọ Jámánì kan ni, Rudolf Diesel, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Augsburg lọ́dún 1897. A kì í túmọ̀ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ.

Tí a bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tiwa fún híítà, mo dábàá “amúnúgbóná”, bí a ṣe ṣẹ̀dá amúlétutù. Bí kò bá dùn lẹ́nu yín, híítà tó wà ní Gate tó wa. Ta ló jókòó ìgbìmọ̀ lórí Tòkunbọ̀? Àwọn tó ń tà á ló mú orúkọ ọmọ tí a bí lókè òkun, wọ́n fi sọ ẹ́ńjìnnì, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìlà ṣíṣí wáyà yẹn kúrò lónìí. Ẹnìkan láàárín wa ti kọ̀wé sí mi lábẹ́lẹ̀, ó ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ rẹ̀, àkójọ yín ló fi ń ṣe é. Mo ti ní kó dúró.