Ìdáhùn: "Ìwé ìgbẹ́kẹ̀lé" kọ́ ni tíráàsì o, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín, mo sì kí àwọn àgbà tó wà láàárín wa lọ́tọ̀. Lísìtì ọ̀rọ̀ òfin tí ẹ̀gbọ́n wa ògbufọ̀ kóòtù fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ fèsì sí, èyí tí wọ́n ti pe wíìlì, ìwé téèyàn fi ń sọ ẹni tó máa gba dúkìá òun lẹ́yìn ikú, ní "ìwé ìpíngún", tí wọ́n pe tíráàsì ní "ìwé ìgbẹ́kẹ̀lé", tí wọ́n wá pe pròbéètì, bí kóòtù ṣe ń fìdí wíìlì múlẹ̀, ní "ìdánwò ìwé ogún". Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, mo mọ̀ pé kò rọrùn, àmọ́ mi ò lè gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó wà láàárín yẹn ló sì dùn mí jù.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ni wọ́n ń pè ní tíráàsì gan-an? Ẹnì kan ní dúkìá, ó gbé e lé ẹlòmíì lọ́wọ́, orúkọ ẹlòmíì yẹn ló máa wà lára ìwé ilé, òun ló máa buwọ́ lùwé ní báńkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló máa jẹ ẹ́, torí àwọn míì ni wọ́n ṣe é fún, bóyá ọmọ tí ò tíì tójúúbọ́ tàbí ẹni tára ẹ̀ ò le. Tó bá lọ ná an fún ara ẹ̀, kóòtù á ní kó dá a padà. Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ọkàn wà nínú ìyẹn? Ẹ lè máà fọkàn tán ẹni tó ń bójú tó o rárá, tíráàsì ṣì ni.

Ẹ sì tún gbọ́ èyí. Lọ́dún 1884, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ kan tí àwọn lọ́yà ń pè ní Re Adams and Kensington Vestry. Ọkùnrin kan fi gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ní ìgbẹ́kẹ̀lé kíkún pé ìyàwó òun á ṣe ohun tó tọ́ láàárín àwọn ọmọ òun. Kóòtù ní kò sí tíráàsì kankan níbẹ̀, obìnrin yẹn ló ni gbogbo ẹ̀ pátápátá. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ìgbẹ́kẹ̀lé gan-an ni bàbá yẹn kọ sílẹ̀, òfin sì ní ìyẹn nìkan ò tó. Látìgbà ẹjọ́ Knight v Knight ní 1840 ni wọ́n ti là á sílẹ̀ pé nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ dájú: pé ẹni yẹn pa á láṣẹ ni, kì í ṣe pé ó kàn ń retí ẹ̀, pé dúkìá tó ń wí hàn kedere, àti pé a mọ àwọn tó ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ tí kóòtù ní kò tó yẹn la wá fẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ!

Mo ti jókòó ti màmá àgbàlagbà kan rí, wọ́n ní kí n ka ìwé tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ sí wọn létí ní Yorùbá, ẹnì kan ti túmọ̀ ẹ̀ kó tó dọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe dé ibi "ìwé ìgbẹ́kẹ̀lé", màmá gbé ìka lé ojú ìlà yẹn, wọ́n ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Wọ́n ní, "Ṣé ọkọ mi ò wá gbẹ́kẹ̀ lé mi ni, tó fi jẹ́ àbúrò ẹ̀ ló kọ ìwé ìgbẹ́kẹ̀lé fún?" Omi ti ń lé sójú wọn. Àlàyé pọ̀ lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó gbà pé àwọn gan-an ló ń jẹ èrè ilé yẹn títí ọjọ́ ayé wọn, pé iṣẹ́ ni ọkọ wọn gbé fún àbúrò ẹ̀, kò fi ṣe é lóore ju ìyàwó ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan péré tí kò bọ́ síbi tó yẹ ló pa obìnrin yẹn lẹ́kún.

Ìkáwọ́ ni mo fara mọ́ fún tíráàsì. Àwọn àgbà tó tọ́ mi, tí wọ́n bá ń lọ sírìn àjò, wọn kì í sọ fún ẹ pé àwọn gbẹ́kẹ̀ lé ẹ, wọ́n á ní "mo fi àwọn ọmọ yìí sí ìkáwọ́ rẹ", ó parí, ẹrù ti dé èjìká ẹ nìyẹn, ìwọ náà sì mọ̀ pé wọ́n máa bi ẹ́ léèrè. Dúkìá àfisíkàáwọ́, à- tó wà nínú àfikún àti àfiwé náà ló wà níbẹ̀, ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ á wá jẹ́ oníkàáwọ́. Àbúrò wa tó ní ká pe oníkàáwọ́ yẹn ní "alágbàtọ́jú", mo rí i, àmọ́ wíìlì kan náà lè yan alágbàtọ́ fún ọmọ kó sì fi owó ọmọ náà sí ìkáwọ́ ẹlòmíì, tí orúkọ méjèèjì bá wá jọra báyẹn, ìjà ló máa dá sílẹ̀.

Ó wá ku orúkọ tó yẹ wíìlì, bóyá há ni ká fi ṣe é àbí pín. Létí tèmi, pín ni kí ẹ dá nǹkan sọ́nà, ọmọ lè pín in, kóòtù lè pín in, ẹni tó ni ín ti lè kú tipẹ́. Há ní tiẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ni nǹkan ló ti ń jáde lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wù ú. Ìwé ìhágún ni wíìlì. Tí olóògbé ò bá ti wá kọ ọ́, tó jẹ́ òfin ló ń sọ ìdá tó kan oníkálukú, ìyẹn lẹ lè pè ní ìpíngún, mi ò ní jà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ "ìhàgún", ẹ dákun, ohùn òkè ló wà lórí há, ohùn òkè ló wà lórí gún, kò sí ìsàlẹ̀ kankan níbẹ̀ àfi ti ì àkọ́kọ́.

Ní ti "ìdánwò", ẹ̀gbọ́n ní probare ti èdè Látìn ló bí i. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ probare náà ló jẹ́ kéèyàn fi hàn pé nǹkan dára, pé òótọ́ ni, ẹni tó bá gbọ́ ìdánwò á rò pé ẹnì kan lè féèlì ni. Ibi tó sì ṣe pàtàkì jù nìyí: amúhàágúnṣẹ, ìyẹn ẹni tí wọ́n dárúkọ nínú wíìlì pé kó mú un ṣẹ, ọwọ́ olóògbé ló ti gba agbára, látọjọ́ tí olóògbé ti kú, ohun tí kóòtù ń ṣe ni pé ó ń fìdí ẹ̀ múlẹ̀ kí báńkì lè rí nǹkan dì mú. Tí ò bá sí wíìlì ńkọ́? Kóòtù ló máa yan alámòójútó tó máa bójú tó ogún náà, ìwé àṣẹ tí wọ́n bá fún un ló máa fi lágbára, kó tó gbà á ọwọ́ ẹ̀ ṣófo. Ìfìdímúlẹ̀ ìhágún ni ti àkọ́kọ́, ìwé àṣẹ àmójútó ogún ni ti ìkejì, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń ṣe ògbufọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, sà, àmọ́ ọjọ́ orí ò lè sọ "gbẹ́kẹ̀ lé" di "fi sí ìkáwọ́".

Àǹtí wa tó ní "ajogún" ti tó fún gbogbo ẹni tí wọ́n há nǹkan fún, ọ̀rọ̀ yín ò wọ̀ mí létí o. Ọ̀rẹ́ tí mo há àga fún, ajogún mi kọ́ nìyẹn. Àwọn tó sì mú "olùjàǹfààní" wá fún un, ó ti gùn jù. Tẹ́ ẹ bá sì máa túmọ̀ òfin wíìlì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1837 tẹ́ ẹ lẹ́ ẹ fẹ́ túmọ̀, ẹ má gbàgbé pé ẹlẹ́rìí méjì tí òfin yẹn ní kó wà níbẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí ẹni tó ni wíìlì bá ń buwọ́ lù ú, èyí tí wọ́n bá há nǹkan fún nínú wọn máa pàdánù nǹkan ọ̀hún, ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹlẹ́rìí àti orúkọ ẹni tí wọ́n há nǹkan fún ò fi gbọ́dọ̀ rú ẹnikẹ́ni lójú. Títí a ó fi fẹnu kò, ẹ kọ "tíráàsì" sínú ìwé tí oníbàárà máa buwọ́ lù, kí lọ́yà sì là á yé e lẹ́nu, ẹ kàn má kọ "ìgbẹ́kẹ̀lé" síbẹ̀.