Ọjà tí ẹ rà tí ẹ kábàámọ̀: ẹ wá sọ bí ẹ ṣe ṣe é

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi nínú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n sọ ọ́ kí n lè sùn.

Àbúrò ọkọ mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, wọ́n ní àwa ìyàwó ilé á wọ léèsì aláwọ̀ wúrà. Mo gba Gbági lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí níbẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́: iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké, àwọn ọlọ́jà ti ń palẹ̀ mọ́. Ìyá tí mo dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí léèsì kan, ó ń dán yinrin. Yáàdì márùn-ún, ₦60,000. A ná an, a ná an, ó já sí ₦48,000, ó tún fi gèlè kékeré kan ṣe èènì fún mi. Inú mi dùn débi pé n kò tú aṣọ. N kò tú u o! Èmi tí mo máa ń tú ìdì ẹ̀fọ́ wò kí n tó sanwó.

Ilẹ̀ mọ́ ní Sátidé, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé kì í ṣe àwọ̀ wúrà. Ó dà bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àná. Mo ní kò burú, tí télọ̀ bá rán an tán á jọ ọ́. Mo mú téèpù. Yáàdì mẹ́rin àti ààbọ̀. Mo ní kí ọkọ mi bá mi di etí kejì mú, a tún un wọ̀n, mẹ́rin àti ààbọ̀ náà ni. Níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po, ihò kan wà tí ọmọńdinrín ìka mi gba ibẹ̀ kọjá, òwú ti já yí i ká.

Mo padà lọ ní Mọ́ńdè. N kò tíì kí ìyá náà tán tó fi nàka sí ògiri. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà pupa, pé ọjà tí wọ́n bá ti tà kò ní àbọ̀, owó tó bá ti wọlé kò ní jáde mọ́. Ó ní bóyá èmi ni mo gé e nílé.

Ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí: àwọ̀ ni mo kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Mo ní, "Ìyá, kò wù mí mọ́." Ìyẹn ló fún un lẹ́nu. Ó ní ṣé òun ló di ojú mi nígbà tí mo ń rà á ni? Òótọ́ sì ni, ojú ara mi ni mo fi wò ó. Àwọ̀ tí kò wù mí mọ́, ẹjọ́ tèmi nìyẹn. Ihò àti ààbọ̀ yáàdì tó dín, ẹjọ́ tirẹ̀ ni. Èmi wá da ẹjọ́ méjèèjì pọ̀, ó mú tèmi, ó fi bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìyá àgbà kan ní ìsọ̀ tó kángun sí tirẹ̀ ló gbà mí. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ọ̀pá yáàdì wá, ọ̀pá ìyá tó tà á gan-an, ó wọn aṣọ náà lójú gbogbo wa, ó sì fi ìka kan ihò yẹn. Ó ní, "Fún un ní òmíràn, jẹ́ kó máa lọ, oníbàárà ń bọ̀." Wọ́n fún mi ní òmíràn. N kò gba owó. Ṣé mo tiẹ̀ lè gba owó ni? Ẹ wá sọ tiyín.

Ọmọ Ìkẹjà

Ẹ kú ìnáwó o, Ìyá Ìbejì. Ti fóònù ni tèmi. Ní Computer Village ni mo ti rà á, wọ́n ní tuntun ni, kò fojú kan oòrùn rí. Ọ̀rá wà lára páálí rẹ̀, ẹni tó tà á tiẹ̀ ní kí n fi èékánná ara mi bó o. Èmi náà bó o, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, bátìrì rẹ̀ kì í lè rí ọ̀sán. Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún fóònù ṣe ní Agége. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí n sún mọ́ ọn kí n wò ó: gọ́ọ̀mù ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọdé lẹ ìwé, ìdè kékeré kan sì ti sọnù níbi tó yẹ kí mẹ́rin wà. Wọ́n ti tú u rí. Páálí nìkan ló jẹ́ tuntun.

Mo padà lọ, ẹni tó tà á ní òun kò mọ̀ mí rí. Mo fi rìsíìtì hàn án. Ó ní gàráǹtì ọ̀sẹ̀ kan ni òun fún mi, bátìrì kò sí nínú rẹ̀. N kò bá a jà, ẹni tó bá jà ní Computer Village, ará ibẹ̀ ni gbogbo ẹlẹ́rìí. Mo lọ sílé, mo kọ ìwé sí LASCOPA, àjọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ láti máa dáàbò bo oníbàárà. Mo fi ẹ̀dà rìsíìtì àti fọ́tò inú fóònù náà sí i. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwa méjèèjì. Bí ọ̀gbẹ́ni yìí ṣe rí lẹ́tà ìjọba báyìí, ó rántí mi, ó tiẹ̀ rántí aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi san owó mi, ó sì pé.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò bá tòkunbọ̀ jà. Tòkunbọ̀ ni mo fi ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n òfin sọ pé tí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe, kí wọ́n kọ ọ́ sí i gbangba, kí ẹni tó ń rà á mọ ohun tó ń rà.

Ìyá Bùtíìkì, Òṣogbo

Ẹ gbọ́ tẹnu àwa ọlọ́jà náà, kí ẹ tó lù wá pa.

Gáùn ni mo ń tà. Ọmọbìnrin kan ra gáùn búlúù kan ní ọjọ́ Jímọ̀, ₦35,000. Mọ́ńdè ló gbé e padà, ó ní kò gba òun lára. Mo gbà á, mo gbé e sún mọ́ imú. Pafíìmù. Mo yí abẹ́ apá rẹ̀ síta: àtíkè àti òógùn ti gbẹ síbẹ̀, ó funfun lẹ́búlẹ́bú. Mo wo etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ pupa. Mo bi í pé, "Àǹtí, ṣé ìsìnkú ni àbí ìkómọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ kí n bá òun rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí i lójú Facebook nínú gáùn mi, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí.

Irú wọn ló jẹ́ ká máa lẹ ìwé mọ́ ògiri. Ẹni kan jẹ gbèsè, gbogbo oníbàárà ń bá a san án. Síbẹ̀ mo ti yọ ìwé tèmi. Ara rìsíìtì ni mo kọ ọ́ sí báyìí. Tí ọkàn oníbàárà bá yí padà, ọjọ́ mẹ́ta ló ní, kí táàgì ṣì wà lára aṣọ, màá sì fún un ní òmíràn, kì í ṣe owó. Tí síìpù bá já tàbí tí ojú rírán bá tú, owó rẹ̀ ni, lódindi. Síìpù kì í purọ́. Èèyàn ló ń sọ pé aṣọ kò gba òun.

Àdùkẹ́ Peckham

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, Ìyá Bùtíìkì. Tèmi nìyí, èmi ni mo sì jẹ̀bi.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà ní London, mo sì ti gbà pé ohunkóhun tí mo bá rà níbí, mo lè dá a padà. Àwọn ilé ìtajà ńlá ló bà mí jẹ́, wọ́n á kàn wo rìsíìtì, wọ́n á dá owó padà, wọn ò ní bi ẹ́ léèrè nǹkan kan. Mo wá ra kóòtù kan ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Rye Lane, £85. Mo wọ̀ ọ́ wò nílé, ọmọ mi ní mo dà bí ọlọ́pàá. Mo gbé e padà lọ́jọ́ kejì nínú àpò rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun kò gbà á. Mo fi òfin halẹ̀ mọ́ ọn, ohùn mi ròkè gan-an. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n lọ ka òfin náà. Mo lọ kà á. Òun ló jàre.

Tí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tó rí ọjà, tó fọwọ́ kàn án, tó sì sanwó, kò sí òfin tó ní kí wọ́n gbà á padà nítorí pé kò wù ú mọ́. Àwọn ilé ìtajà ńlá tó ń gbà á, ìlànà ti ara wọn ni. Ká ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra kóòtù kan náà ni, ọjọ́ 14 ni mo ní láti ọjọ́ tó bá dé ọwọ́ mi, kí n sọ pé n kò ṣe mọ́, láì sọ ìdí kankan, ọjọ́ 14 mìíràn sì wà fún mi láti fi í ránṣẹ́ padà. Ìlànà ọdún 2013 ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé fọ́tò lèèyàn rí, kò rí ọjà. Kò kan aṣọ tí wọ́n bá dìídì rán sí ìwọ̀n ẹni, tàbí oúnjẹ tó máa ń tètè bàjẹ́. Owó tí mo bá fi dá a padà sì máa ń sábà jẹ́ tèmi. Àbùkù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: òfin ọdún 2015 fún èèyàn ní ọjọ́ 30 láti kọ ọjà tó lábùkù kó sì gba owó rẹ̀ pé, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Kò sí àbùkù lára kóòtù mi. Mò ń wọ̀ ọ́. Ọmọ mi ṣì máa ń bẹ́rí fún mi lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Houston

Kò sí ọjọ́ 14 lọ́dọ̀ tiwa o. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó fi dandan lé e pé kí ṣọ́ọ̀bù gba ọjà tí kò ní àbùkù padà. Ibi tí wọ́n ti ṣàánú mi ni ti alákiri tó kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ló ń tà. Ó da iyẹ̀fun sórí kápẹ́ẹ̀tì mi láì gba àṣẹ, ó gbá a, ó fi ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn mí, ìtìjú mú mi, mo fọwọ́ sí ìwé $1,200. Ìyàwó mi ti iṣẹ́ alẹ́ dé, kò bínú, ó kàn ń wò mí. Ìyẹn burú ju ìbínú lọ.

Ẹ̀yìn ìwé náà ni mo ti rí i: ẹni tó bá ra nǹkan tó tó $25 nínú ilé ara rẹ̀ lọ́wọ́ irú alákiri bẹ́ẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni ìlànà FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò, fún un láti fagi lé e. Ẹ̀dà méjì fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹni. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ wọn lọ. Iyẹ̀fun ṣì wà ní kọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì.

Onírun, Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì, ẹ bi wá bóyá ẹ lè gba owó. Ẹ lè gbà á. Wíìgì ló kọ́ mi.

Mo rí i lójú Instagram, irun tó ń ṣàn dé ìdí, ₦70,000. Ẹ ti rí ìrùkẹ̀rẹ̀ rí? Òun ni wọ́n gbé wá fún mi. Alẹ́ ọjọ́ tó dé gan-an ni mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Ó ní ìlànà òun ni pé òun kì í dá owó padà. Mo wá lọ wá òfin FCCPA ti ọdún 2018, òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo oníbàárà, mo ka abala 122 rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ọjà ránṣẹ́ sí ẹ, tí o kò ní àǹfààní láti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé, o lè kọ̀ ọ́ kí o sì gba gbogbo owó rẹ. Bákan náà ni tí o bá ti sọ fún ọlọ́jà pé ohun báyìí ni o fẹ́ fi ṣe, tí ọjà náà kò sì ṣe é fi ṣe é. Òfin kò dá iye ọjọ́, ó kàn ní kó má pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi dáa pé mo kọ̀wé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá gbé wíìgì wọ òde ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó kọ̀wé, kí ni yóò sọ?

Mo to fọ́tò ìpolówó rẹ̀ àti fọ́tò ìrùkẹ̀rẹ̀ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú òfin náà ṣẹ, ni mò ń gbé e lọ. Owó wọlé ní Ọjọ́bọ̀.

Aṣọ tó ní ihò, tí kò pé yáàdì tí wọ́n pè é, ìwé ara ògiri kò lè gbà á lọ́wọ́ òfin. Ti àwọ̀ yẹn ṣá, ẹ fara mọ́ ọn, mà. Ẹ rí i, ẹ fọwọ́ kàn án. Abala 122 kò mọ̀ nípa tọ́ọ̀ṣì fóònù.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Télọ̀ ti ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ kí n tó ka èyí, nítorí náà n kò lọ gba owó mọ́. Àná la ṣe ìgbéyàwó náà. Ìyá ìyàwó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó di etí aṣọ mi mú, ó ní, "Léèsì yìí mà dáa o, ibo lẹ ti rà á?" Mo júwe ìsọ̀ náà fún un. Mo ní kí wọ́n mú téèpù dání, kí wọ́n sì lọ ní ọ̀sán.