Aláìlólórí kọ́, oníbùdó-púpọ̀ ni: èsì sí àbá ọ̀rọ̀ márùn-ún

Ẹ̀yin àgbà, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀, mo kí yín.

Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀ lórí irú ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni ín, tí ẹnikẹ́ni tó bá ní sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì ró, lè gbé tirẹ̀ kalẹ̀, tí tirẹ̀ yóò sì máa bá ti ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí Mastodon, Pixelfed àti PeerTube ti ń ṣe. Àbá wọn ni pé kí a pe irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ní "aláìlólórí", kí a pe èyí tí ènìyàn gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀ ní "àdágbé", kí a pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní "àpẹẹrẹ", kí a pe ohun tó so wọ́n pọ̀ ní "àpapọ̀", kí ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan níbẹ̀ sì máa jẹ́ "ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ wọ igbó ni ẹ̀gún ń gún. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń bójú tó ọ̀kan nínú irú ìkànnì yìí, tí mo sì ń túmọ̀ ojú rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn tó ń lò ó, mo sì ti rí i pé ọ̀rọ̀ tí kò bá iṣẹ́ ohun náà mu máa ń ṣi ẹni tó gbà á gbọ́ lọ́nà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ èrò mi lórí márààrún, mo sì tọrọ àforíjì ṣáájú bí mo bá pẹ́ lórí àwọn kan ju àwọn mìíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló ká mi lára jù. Ìkànnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ló ní olórí. Ẹni tó ń san owó sáfà, tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó lè yọ àtẹ̀jáde kúrò tàbí kí ó lé ènìyàn jáde, olórí ni, kódà agbára rẹ̀ lórí àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ohun tí kò sí ni olórí kan tí ọwọ́ rẹ̀ ká gbogbo wọn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, èmi náà kọ "aláìlólórí" sí ojú ewé tí mo fi ń kí àwọn àlejò káàbọ̀. Kò pẹ́ tí mo yọ àtẹ̀jáde kan tó ń bú ẹlòmíràn kúrò, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ ọ́ sì fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ ní kò sí olórí níbí. Ta ló wá pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́?" N kò rí èsì gidi fọ̀ fún un, nítorí òótọ́ ló sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo lò ló ṣèlérí ohun tí ìkànnì náà kò lè ṣe. Ọjọ́ náà ni mo pa "aláìlólórí" rẹ́ kúrò lójú ewé wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ya á. Ní 1964, Paul Baran, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà, ya àwòrán mẹ́ta láti fi sọ bí a ṣe lè so àwọn ibi tí ìròyìn ń gbà kọjá pọ̀. Nínú èkínní, gbogbo okùn ló lọ sí ojú kan ṣoṣo ní àárín. Nínú èkejì, ojú tí okùn ń dé sí pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọn tirẹ̀ tó yí i ká, àwọn ojú náà sì so mọ́ ara wọn. Nínú ẹ̀kẹta, kò sí ojú tó ju ojú lọ rárá, gbogbo wọn kàn so kọ́ra bí àwọ̀n ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sábà máa ń da orúkọ èkejì ("decentralized") àti ti ẹ̀kẹta ("distributed") pọ̀, kò sì yẹ kí a jogún ìdàrúdàpọ̀ náà. Mastodon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú àwòrán kejì. Ètò ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ kan tó ń jẹ́ Secure Scuttlebutt ló sún mọ́ ẹ̀kẹta, nítorí ẹ̀rọ oníkálukú ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọn a sì máa fi lé ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá pàdé.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta la nílò, kí orírun kan náà sì so wọ́n pọ̀ kí etí lè gbọ́ ìyàtọ̀ wọn. Ohun tí mo dábàá ni "oníbùdó-kan" fún èkínní, "oníbùdó-púpọ̀" fún èkejì, àti "aláìníbùdó" fún ẹ̀kẹta. Ẹ ó rí i pé "àì" kò wọ inú ọ̀rọ̀ àfi níbi tí nǹkan kò ti sí lóòótọ́. Àwọn kan lè ní kí a lo "afọ́nká". Ṣùgbọ́n ohun tó bá fọ́n ká ti wà lójú kan rí kó tó túká, àwọn ìkànnì wọ̀nyí kò sì wà lójú kan rí. Ibi tí oníkálukú ti bẹ̀rẹ̀ ló wà, ọ̀nà ló kàn là láàárín wọn. Ímeèlì tí gbogbo wa ń lò, tí wọ́n kọ SMTP, ìlànà tó fi ń rìn láti sáfà dé sáfà, sílẹ̀ ní 1982, oníbùdó-púpọ̀ ni, ẹni tó bá sì ti lo ímeèlì rí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sí "àpẹẹrẹ", èyí tí mo gbà pé inú ìwé atúmọ̀ èdè ló ti wá. Bí a bá ṣí ìwé náà sí "instance", "àpẹẹrẹ" la óò kọ́kọ́ bá, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí àwọn akọ̀wé kóòdù fún un yàtọ̀: ẹ̀dà kan nínú ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ dán an wò nínú gbólóhùn. "Àpẹẹrẹ wo lo wà?" Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa mọ ohun tí wọ́n ń bi í. "Ibùdó wo lo wà?" Ìyẹn yé ọmọdé. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà pàápàá kò dì í mú. Mastodon, sọ́fítíwià tí Eugen Rochko bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 2016, ti fi "instance" sílẹ̀ nínú àlàyé rẹ̀ fún "server"; nínú àwọn ètò mìíràn tó jọ ọ́, Diaspora ń lo "pod", Matrix ń lo "homeserver". Ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn ń pààrọ̀ lójoojúmọ́ kò yẹ kó di ẹrù tí àwa yóò máa rù kiri.

"Ibùdó" tún mú àǹfààní kan wá tí n kò ròtẹ́lẹ̀ nígbà tí mo yàn án. Inú "dó" ló ti wá, "dó" yìí náà ló sì wà nínú "tẹ̀dó". Nígbà tí obìnrin kan tó wà lọ́dọ̀ wa fẹ́ mọ ìtàn ibùdó wa, ohun tó kọ ni pé, "Ta ló tẹ ibùdó yìí dó, ọdún wo sì ni?" N kò kọ́ ọ, kò sì sí nínú ìtumọ̀ mi níbì kankan. Èdè fúnra rẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀-ìṣe náà jáde, ìyẹn ni mo sì fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti ta gbòǹgbò. Ẹni tó bá béèrè pé kí ló dé tí a kò kàn máa pè é ní sáfà, ìdáhùn mi ni pé ẹ̀rọ ni sáfà: sáfà kan lè gba ibùdó mẹ́ta, ibùdó ńlá kan sì lè gbilẹ̀ dé orí sáfà mẹ́wàá.

Ní ti "àdágbé", ẹni tó ń dá gbé kì í ní ará ilé. Ibùdó tí ènìyàn gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìrírí kan ló sì kọ́ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ènìyàn bí ọgbọ̀n tó wà lọ́dọ̀ wa kò lè fi nǹkan kan síta mọ́. Mo wọ inú sáfà, mo sì rí i pé dísìkì ti kún dé ẹnu, dátábéèsì PostgreSQL tí gbogbo àtẹ̀jáde wa wà nínú rẹ̀ kò sì rí àyè kọ nǹkan sí mọ́. Àwòrán ló kún un. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ènìyàn wa ló ń gbé àwòrán jù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọn fódà kọ̀ọ̀kan wò, tiwa kò tó ìdá kan nínú ogún. Gbogbo ìyókù jẹ́ ẹ̀dà àwòrán àwọn tí a ń tẹ̀ lé ní ibùdó mìíràn, tí Mastodon máa ń fà wá tó sì ń tọ́jú sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí àwọn òǹkàwé wa má baà máa da sáfà ẹni ẹlẹ́ni láàmú. Àṣẹ tootctl media remove ni mo fi kó èyí tó ti ju ọjọ́ méje lọ dànù, ara sì tu wá. Ibùdó tí ẹrù àwọn aládùúgbò kún inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò dá gbé.

Àwọn kan ti sọ pé "aládàáni" á dára jù. N kò gbà, nítorí "aládàáni" ti di ti àwọn iléeṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba, iléeṣẹ́ ńlá tí a ń sá fún gan-an náà sì jẹ́ aládàáni. "Gbàlejò", tí ì bá jẹ́ ìtumọ̀ "host" ti Gẹ̀ẹ́sì, kò bá a mu, torí pé ẹni tó wà nínú ilé ara rẹ̀ kì í ṣe àlejò. Ohun tí mo ń lò ni "àdábójútó": ìkànnì àdábójútó, sáfà àdábójútó, "a ń dá a bójú tó ni". Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ ló dárúkọ, iṣẹ́ náà sì ni àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń gbàgbé: ẹ̀dà ìpamọ́ tí a gbọ́dọ̀ máa ṣe, àtúnṣe sọ́fítíwià tí kì í dúró deni, ẹ̀sùn tó ń wọlé lóru.

"Àpapọ̀" ni mo ní àtakò sí jù lẹ́yìn "aláìlólórí". Nínú èdè wa lónìí, "àpapọ̀" ń tọ́ka sí ohun tí a dà pọ̀ di ọ̀kan, tàbí sí àṣẹ kan tó wà lókè gbogbo ẹ̀ka. Kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì níbí. Ìlànà ActivityPub tí àwọn ibùdó wọ̀nyí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí ní oṣù Kínní 2018, sọ bí ibùdó kan yóò ṣe fi iṣẹ́ jẹ́ òmíràn: ọ̀rọ̀ á jáde láti àpótí ẹnìkan, á sì wọ àpótí ẹlòmíràn. Ibùdó méjì lè wà fún ọdún mẹ́ta láìmọ ara wọn, títí di ọjọ́ tí ẹnìkan ní ibí yóò tẹ̀ lé ẹnìkan ní ọ̀hún. "Ìbáṣepọ̀" ni irú èyí, láàárín ẹni méjì méjì, ó sì ṣe é já. Níbi jíjá yìí, ó yẹ kí a ní ọ̀rọ̀ méjì, nítorí ohun méjì ni alámòójútó lè ṣe sí ibùdó tó ń yọni lẹ́nu. Ó lè "fi í sẹ́yìn", tí àwọn tó ti ń tẹ̀ lé ènìyàn níbẹ̀ á ṣì máa rí i, ṣùgbọ́n tí kò ní hàn ní gbangba fún àwọn yòókù. Ó sì lè "ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn", tí ohunkóhun kò ní lọ, tí ohunkóhun kò ní bọ̀, tí àwọn tó ń tẹ̀ lé ara wọn ní ìhà méjèèjì á sì já kúrò lára ara wọn. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì, ẹni tó kàn fẹ́ rọra fi ìkìlọ̀ ṣe é lè já ọ̀rẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láìmọ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀" léwu, mo sì ń fi gbogbo ọkàn sọ ọ́. Nínú Mastodon, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí lábẹ́ ìdìpọ̀ àṣírí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á. Bó ṣe wà ni wọ́n kọ ọ́ sínú dátábéèsì, èmi tí mo ní kọ́kọ́rọ́ sáfà wa lè kà á, alámòójútó ibùdó ẹni tó gbà á náà sì lè kà á. N kì í kà á, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìwà mi jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó ń dáàbò bo ẹni tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹni tí a bá dárúkọ pẹ̀lú àmì @ láàárín ọ̀rọ̀ náà, òun náà á rí i gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ni. "Àwọn tí a dárúkọ nìkan" ni mo kọ sójú bọ́tìnnì náà. Kò dùn létí bí ti ẹ̀gbọ́n wa, àmọ́ bí ohun náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gẹ́lẹ́ ló sọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tí kò sí nínú àbá náà ni ti ẹni tó bá fẹ́ fi ibùdó kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn. "Ṣí lọ" ni kí a máa lò fún Mastodon, kì í ṣe "kó lọ", torí pé àwọn tó ń tẹ̀ lé e ló máa bá a lọ, àwọn àtẹ̀jáde rẹ̀ á wà níbi tó ti kọ wọ́n. Lábẹ́ ìlànà AT tí Bluesky, ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ mìíràn, ń lò, ènìyàn lè gbé àkójọ àtẹ̀jáde rẹ̀ dání lọ sí sáfà mìíràn. "Kó lọ" tọ́ níbẹ̀.

Èyí tí n kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ni sáfà tó ń gba àtẹ̀jáde gbangba láti ibùdó púpọ̀, tó sì ń pín in fún gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ro "alágbàtà", ṣùgbọ́n alágbàtà máa ń jẹ èrè lórí ọjà, èyí kò sì jẹ èrè kankan. "Alátagbà" ni mo ń lò báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníṣẹ́ rédíò ti ń lò ó tipẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní èyí tó sàn jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kí n tó parí ìtumọ̀ ojú ewé àwọn alámòójútó.